Ọṣẹ Ìyá Rẹ Tí O Dá Padà ní Tẹ́mà

Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì,
Oṣù Kejì, 1998.

Ọmọ́wùmí, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tó fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ ń gbé etí òkun,

Báwo ni Tẹ́mà? Báwo ni òkun tí o ní kì í dákẹ́? Ara àwa le. Ara ìyá rẹ le. Orúnkún mi ọ̀tún nìkan ni kò gbà pé ara wa le, ìwọ náà sì mọ̀ pé alágídí ni òun.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ wa. Arábìnrin ìjọ wa tó lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Akra ló mú un bọ̀. Ó ní òun tún ń padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí náà mo jókòó láti kọ èsì gígùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa kọ irú èyí sí ọ. Wá àyè kí o tó kà á, má kà á nínú mọ́tò.

O kọ ọ́ pé o kò ní lè wá sílé fún Àjíǹde, pé iṣẹ́ pọ̀. Mo ka gbólóhùn náà, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Wùmí, mo ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí. Mo mọ bí èèyàn ṣe ń kọ "iṣẹ́ pọ̀" nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ lóòótọ́, mo sì mọ bó ṣe ń kọ ọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wúwo. Iṣẹ́ kọ́ ló dá ọ dúró. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ ni. Ojú ìyá rẹ ni o kò fẹ́ wò.

Kí n tó sọ ọ̀rọ̀ àgbà kankan, jẹ́ kí n sọ èyí tó wà nínú mi. Àárò rẹ ń sọ mí. Ó ń sọ mí ju bí mo ṣe rò pé ó lè sọ ọkùnrin tó ti dàgbà tó èmi. Bí òjò bá ṣú, ìyá rẹ á ṣì ké láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Wùmí, kó aṣọ o." Kò sì sí Wùmí nílé. Èmi ni mo máa ń dìde lọ kó aṣọ. Bí ó bá gún iyán, ó ṣì ń gún ti ẹni mẹ́ta. Mo máa ń jẹ ju bó ṣe yẹ lọ kí ó má baà rí èyí tó ṣẹ́ kù, bóyá ìyẹn náà sì ni orúnkún mi fi ń ráhùn.

Mo fẹ́ kí o wá sílé ní Àjíǹde. Ohun tí mo torí rẹ̀ jókòó nìyẹn. Gbogbo ìmọ̀ràn tó kù, ọ̀nà ilé ni mo fi ń là fún ọ.

Kí n kọ́kọ́ ròyìn bí ọ̀ràn náà ṣe ṣẹlẹ̀ níhìn-ín, torí ìhà tìrẹ nìkan lo mọ̀. O rántí pé ìyá rẹ àti àwọn ìyá ìjọ ti ń se ọṣẹ dúdú lẹ́yìnkùlé wa kí o tó lọ, tí wọ́n ń lọ kó èèpo kòkó gbígbẹ ní Ìjan láti fi sun eérú. Lẹ́yìn tí o lọ ni Alhaja Múníráà, ará Ìwó tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Ọba, wá ní òun fẹ́ kó ọṣẹ náà lọ tà ní Gánà. Ó ní wọn kò ní jẹ́ kí ọṣẹ náà wọ Gánà láìní ìwé ẹ̀rí pé ohun tí a kọ sára rẹ̀ gan-an ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n máa kọ́kọ́ mú díẹ̀ lára ọjà náà lọ yẹ̀ wò, bí ó bá bá ìlànà mu ni èyí tó kù tó lè kúrò ní Èkó. Níbo ni wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò? Ní Tẹ́mà, ní ilé iṣẹ́ tí ìwọ gan-an ń bá ṣiṣẹ́.

Inú ìyá rẹ dùn débi pé ó jó yí ìkòkò ọṣẹ ká. Ó sọ fún gbogbo ìjọ. Àwọn ìyá ìjọ ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Alhaja náà ní, "Màmá Wùmí, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ṣé ọmọ yín ló máa wá dá ọjà yín padà?" Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sí nílé òun.

Wọ́n ra òṣùwọ̀n tuntun. Wọ́n tẹ páálí tó rẹwà, wọ́n kọ bí ọṣẹ kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó sára rẹ̀. Ìyá rẹ ló ń gbé ọṣẹ sórí òṣùwọ̀n. Á bù sí i, á bù kúrò, títí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n á fi dúró síbi tó yẹ. Nígbà tó bá wá gbé e kúrò tó fẹ́ dì í, ọwọ́ rẹ̀ á yà sínú ìkòkò, á tún bu díẹ̀ sí i, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Èènì. Ìyá rẹ kò tíì ta nǹkan fún ẹnikẹ́ni rí láìfi èènì sí i. Ìyá tó bí i náà kò ṣe é rí. Bí inú rẹ̀ bá dùn tó ń kọrin, èènì náà á tóbi. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn ún, á kéré. Èmi tí mo jẹ́ gírédà kòkó rí, tí mo fi yíyẹ kòkó wò jẹun, mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò ó, mo ń jẹ ẹ̀pà. N kò rí ohun kan tó burú nínú rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni èmi náà.

Ìgbà tí ìwé ilé iṣẹ́ yín dé, abẹ́ igi máńgòrò ni mo wà. Mo ń kà á, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún un bí mo ti ń lọ. Ó dúró tì mí, omi eérú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ní ọṣẹ mi ṣe?"

Mo ní, "Wọ́n ní ọṣẹ náà dára. Kò sí ohun tó lè ba ara èèyàn jẹ́ nínú rẹ̀."

"Kí ló wá kù?"

"Bó ṣe wúwo tó ni. Kò bá èyí tó wà lára páálí mu."

"Ṣé ó kéré ni?"

"Éè kéré. Ó pọ̀ jù."

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kọ ìwé náà. Ó ní, "Ó pọ̀ jù? Ẹni tí mo fún léènì ló wá ń pè mí lẹ́jọ́? Ṣé orúkọ Wùmí ló wà níbẹ̀?" Mo ní orúkọ ibi tí Wùmí ti ń ṣiṣẹ́ ni. Ó lọ ṣan ọwọ́ rẹ̀, ó sì wọlé.

Wọ́n dá àwọn páálí náà padà láti Èkó. Lọ́jọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ìyá ìjọ kan bi í pé, "Ṣé ọmọ tìrẹ yìí náà ló dá a padà?" Obìnrin náà kò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹnu ìyá rẹ ló ti kọ́kọ́ jáde pé ọmọ òun wà níbẹ̀, ẹnu náà ló sì wá kó ìtìjú bá a. Fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, iná kò jó lábẹ́ ìkòkò ọṣẹ.

Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà tìrẹ náà dé. O ní bí o ti rí ọṣẹ náà lo ti mọ̀ ọ́n, o sọ fún ọ̀gá rẹ pé ti ìyá rẹ ni, o bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọkùnrin ará Gánà tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ló wọ̀n ọ́n. O ní ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ń bínú sí àlékún, pé kí ẹ jẹ́ kó kọjá. Ìwọ lo ní kó kọ ọ́ bó ṣe rí. O bẹ ìyá rẹ pé kó má bínú. Láti ìgbà náà, èmi nìkan lò ń kọ̀wé sí. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni o máa ń kọ "Ẹ bá mi kí Màmá" sí, bí ìgbà tí èèyàn ń kí ará àdúgbò.

Ó tó gẹ́ẹ́. Gbọ́ ọ̀rọ̀ mi báyìí.

Èkíní, o ṣe é dáadáa. Mo fi í ṣíwájú kí o má baà wá a títí. Ohun tí o ṣe ní Tẹ́mà, èmi kò lè ṣe é nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di gírédà, Ìgbẹ́mọ ni wọ́n fi mí sí. Iṣẹ́ mi ni láti yẹ kòkó wò kí wọ́n tó kó o lọ sí èbúté. Màá fi ọ̀bẹ la hóró kòkó sí méjì láti mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ti bu, èyí tó bá dára ni màá lu òǹtẹ̀ sí àpò rẹ̀. Mo ní bàtà tuntun, mo ní kẹ̀kẹ́ ìjọba, mo sì ní ikùn tí kì í kọ nǹkan. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ràn mi púpọ̀. Bí mo bá ti ń bọ̀, ìyàwó rẹ̀ ti ń gún iyán. Ní ọdún kan, kòkó bàbá náà bu. Mo là á, mo rí i. Iyán rẹ̀ ṣì wà nínú mi. Bẹ́nu bá jẹ, ojú á tì. Mo sọ hóró náà nù, mo lu òǹtẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí àpò náà ní èbúté, wọn kò mọ bàbá yìí, wọn kò sì mọ̀ mí. Ìgbẹ́mọ tó wà lára àpò ni wọ́n mọ̀. Wọ́n já gbogbo kòkó Ìgbẹ́mọ walẹ̀ lọ́dún náà. Ti opó tó sá tirẹ̀ sóòrùn títí tó fi gbẹ dáadáa, ti ọkùnrin kan tí kò fún mi ní omi mu rí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dà pọ̀. Opó náà bi mí pé kí ló ṣe kòkó òun.

Nítorí náà, má bẹ̀bẹ̀ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọṣẹ yìí. Orúkọ Adó ló wà lára páálí náà. Bí o bá jẹ́ kó kọjá nítorí pé ọmú ẹni tó ṣe é lo mu, ọjọ́ tí ẹlòmíràn láti ìlú yìí bá fẹ́ kó ọjà lọ, ẹjọ́ tí kò mọ̀ rí ló máa lọ bá níbẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Jẹ́ kí tìrẹ kùtà, kí o má sì kó o kúrò lórí àtẹ. Kọ́kọ́ yẹ ọjà wò kí o tó jẹun.

Èkejì. Má fi ìwé òyìnbó lé ẹnikẹ́ni padà sílé. Ní Ìjan, bàbá àgbàlagbà kan kó kòkó rẹ̀ wá bá mi, gbogbo rẹ̀ ń rùn fún èéfín. Òjò kò jẹ́ kó rí oòrùn sá a, ó fi iná yan án. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo kọ Gẹ̀ẹ́sì gàdàgbà sí ìwé, mo sọ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn sí akọ̀wé, mo gun kẹ̀kẹ́ mi. Bàbá náà bi akọ̀wé pé, "Kí ló wí?" Akọ̀wé ní, "Ó ní kò dáa." Ó parí. Lọ́dún kejì bàbá tún kó kòkó dé, èéfín náà ló tún ń rùn. Ṣùgbọ́n àpò rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ti lọ ra àpò tuntun, torí ó rò pé àpò ni mo kọ̀. Wùmí, ojú tì mí. Mo jókòó tì í, mo fi hóró kòkó kan sí i nímú, mo ní, "Baba, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀." Ó gbọ́ ọ, ó ní, "Kí ló dé tí o kò wí bẹ́ẹ̀ léṣìí?"

Ìwé yín tó wá láti Tẹ́mà, èmi tí mo lọ sílé ìwé, mo kà á ní àkàtúnkà kó tó yé mi. Bí n kò bá sí nílé ńkọ́? Ìyá rẹ ì bá ti máa pààrọ̀ eérú. Nígbàkígbà tí o bá dá ọjà ẹnìkan padà, wá ọ̀nà tí ohun tó ṣe é yóò fi yé e ní èdè tó gbọ́. Bí o kò bá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wá ẹni tó lè dé ibẹ̀.

Bí ó ṣe yé ìyá rẹ níkẹyìn rèé, torí mo wá ọ̀nà rẹ̀ títí. Ó ń gé ilá. Mo bi í pé, bí obìnrin kan ní Gánà bá ra ọṣẹ tí ìyá rẹ bu èènì ńlá sí lónìí, tó bá padà wá ra èyí tó wúwo gẹ́lẹ́ bí páálí ṣe wí lọ́la, kí ni obìnrin náà máa sọ? Ìyá rẹ ní, "Á ní mo rẹ́ òun jẹ."

Mo ní, "Ṣé o rẹ́ ẹ jẹ?"

Ó gé ilá díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó ní, "Nítorí pé éè rí mi ni. Bó bá rí mi, á mọ̀ pé ẹ̀bùn ni." Òótọ́ ló sọ. Èènì, ọ̀rọ̀ ojúkojú ni. Ẹni tó fún ọ, o rí ọwọ́ rẹ̀, o sì dúpẹ́. Bó bá ti wọ inú páálí tó ń lọ sílùú mìíràn, kò sí ẹni tó mọ ọwọ́ tó bù ú mọ́, ìṣirò tó ṣì ló kù. Ó dùn mí fún un, torí mo rí i pé ohun tó dára jù nínú òwò rẹ̀ ni wọ́n ní kó yọ kúrò.

Jẹ́ kí n yà díẹ̀ kí n tó dé ibi tí mo ń lọ. Máa jẹun. O ní oúnjẹ wọn ń kan. Obìnrin tó fẹ́ràn ẹ̀kọ tó ti kan tó ìwọ kò yẹ kó máa ṣàròyé. O ní wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ṣe yẹ̀yẹ́, pé àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ ti mọ̀ ọ́ sí Èkìtì kí o tó dárúkọ ìlú rẹ. Kí lo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́ sí? Má ṣe sé ẹnu rẹ mọ́lẹ̀ nítorí wọn. Ọmọkùnrin tó rẹ́rìn-ín nídìí òṣùwọ̀n yẹn, o dárúkọ rẹ̀ lemọ́lemọ́ nínú lẹ́tà kan ṣoṣo. N kò bi ọ́ ní nǹkan kan. Mo kàn ní kí o mọ̀ pé bàbá rẹ máa ń ka lẹ́tà dáadáa. Máa gbàdúrà òwúrọ̀. Ìyá rẹ ṣì ń fi orúkọ rẹ ṣáájú orúkọ mi nínú tirẹ̀, n kò sì bínú.

Ẹ̀kẹta ni mo ti ń rìn bọ̀ látàárọ̀. Lẹ́yìn Ìgbẹ́mọ, mo gbọ́n. Mo le ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n fi mí sí agbègbè Ìyìn, lábẹ́ ọ̀gá àgbà kan tó ń jẹ́ Fámúyìwá, ọkùnrin tí kì í pariwo. Mo dá kòkó ọkùnrin kan padà níbẹ̀, ó sì tọ́ kí n dá a padà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà n kò gba iwájú ilé ọkùnrin yìí mọ́. Ọ̀nà oko tó yí po lẹ́yìn ìlú ni mo ń gbà, kẹ̀kẹ́ mi ń kó ẹrẹ̀, kí n má baà rí ojú rẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé ìwà òṣìṣẹ́ tó mọ́ ni. Ọ̀gá Fámúyìwá rí ẹrẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ mi nígbà tí òjò kò rọ̀ ní títì. Ó bi mí, mo sọ fún un. Ó ní, "Gbé kẹ̀kẹ́ rẹ, ká lọ."

Tààrà ilé ọkùnrin náà ni. Ó jókòó síta, ó ń hun agbọ̀n. Ọ̀gá mi kí i, ó ní, "Ebi ń pa wá." Ọkùnrin náà kò wojú mi. Ó pe ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà sì wọlé lọ gún iyán. A jẹ ẹ́, ọwọ́ èmi àti ti ọkùnrin tí mo dá kòkó rẹ̀ padà wà nínú àwo kan náà. Nígbà tí a jẹun tán ló tó bi mí pé, "Gírédà, báwo ni mo ṣe máa ṣe kòkó ọ̀hún tí o fi máa gbà á?" A dìde, a lọ síbi tó ń sá a sí, mo sì fi hàn án bí wọ́n ṣe ń yí i. Ọdún tó tẹ̀ lé e, n kò rí àbùkù kankan lára kòkó rẹ̀.

Bí a ti ń padà lọ, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní kí a má máa jẹ oúnjẹ wọn." Ó ní, "Kí o tó yẹ̀ ẹ́ wò ni mo wí. Lẹ́yìn tí o bá ti dá a padà, dandan ni kí o jẹ ẹ́. Bí o bá kọ kòkó rẹ̀, tí o tún kọ iyán rẹ̀, kí ló kù tí o gbà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ilé ẹni tí mo bá dá kòkó rẹ̀ padà ni mo máa ń kọ́kọ́ yà sí bí mo bá tún dé ìlú náà. Kì í rọrùn. Nígbà mìíràn, omi nìkan ni wọ́n máa gbé fún mi, màá sì mu ún. Àwọn gírédà ẹlẹgbẹ́ mi rò pé ojúkòkòrò ni.

Ó dá mi lójú pé o ti rí ibi tí mo ń lọ. O kọ ọṣẹ ìyá rẹ, ó sì tọ́. Àjíǹde ń bọ̀, o ní o kò ní wá. Ọ̀nà oko ni ò ń gbà yẹn, ọmọ mi. O pè é ní iṣẹ́, bí èmi náà ṣe pè é ní ìwà mímọ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kì í ṣe pé kí o wá tọrọ àforíjì. O kò jẹ̀bi, bí o bá sì kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún òtítọ́ tí o sọ, èmi ni màá kọ́kọ́ bínú. Wá jókòó, kí o jẹ iyán.

Ní ti ìyá rẹ, ó ti padà sídìí ìkòkò. Àwọn ìyá ìjọ tún ti péjọ, Alhaja sì ti ní kí wọ́n tún ìwé kọ. Bí àwọn páálí tuntun bá dé Tẹ́mà, kí o tún bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí o ti ṣe tẹ́lẹ̀, kí ẹlòmíràn wọ̀n wọ́n, kí o má sì bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan. Mo máa ń wò ó bó ṣe ń ṣe é báyìí. Á gbé ọṣẹ kúrò lórí òṣùwọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ á sì tún yà sínú ìkòkò fúnra rẹ̀. Nígbà náà ló máa fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, á dúró díẹ̀, á sì di ọṣẹ náà bó ṣe wà. Kò ní kí ẹnikẹ́ni wò ó. Èmi ni mo ń wò ó láti abẹ́ igi.

N kò lè sọ fún ọ pé kò dùn ún. Ó dùn ún. Ìyàtọ̀ ni pé o rò pé ìbínú ni, o sì ń dúró kó rọ̀. Èmi tí mò ń bá a gbé mọ̀ pé kì í ṣe ìbínú. Ó ń bẹ̀rù pé ojú rẹ̀ ni o kò fẹ́ rí mọ́, pé ọmọ tó lọ sí etí òkun lọ yẹ ọjà ayé wò ti yẹ òun náà wò, ó sì ti rí i pé òun kò bá ìlànà mu. Kò sọ ọ́ fún mi. Mo mọ̀ ọ́n láti inú bó ṣe máa ń gba lẹ́tà rẹ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn tí mo bá kà á tán, tó máa lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ ibi tí o ti kí i, tó sì máa dá a padà fún mi.

Nígbà tí mo kọ lẹ́tà yìí dé ibí, mo pè é. Mo ní mò ń kọ̀wé sí Wùmí, ṣé ó ní ohun tó fẹ́ kí n fi sí i. Ó ní òun kò ní nǹkan sọ. Ó padà síbi iná. Mo mú bírò mi láti fọwọ́ sí i kí n lè dì í, ni mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìró rẹ̀ nu ọwọ́, kò wo ojú mi.

Ó ní, "Kọ ọ́ sí i pé ọṣẹ ló dá padà, éè ṣe èmi. Kó wá ulé."

Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.